Pápá Kúáńtọ́mù: Ohun Tí Ó Jẹ́ àti Ohun Tí Kì Í Ṣe

   

Àkòrí tí a gbé lé wa lọ́wọ́ lọ́dún yìí lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu. Odù, ẹbọ, ewé àti ìtàn ni a sábà máa ń gbọ́ àsọyé lé lórí níbi ọdún. Ẹ̀kọ́ físíìsì kì í sábà débẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti wọ àárín wa láti ọdún mélòó kan wá, ó sì ti di ohun tí tọmọdé tàgbà ń fi ẹnu bà: kúáńtọ́mù. Ọ̀dọ́ awo kan yóò dìde níbi ìpàdé, yóò ní àṣẹ tí àwọn baba wa ti mọ̀ ni àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń pè ní pápá kúáńtọ́mù. Oníṣòwò kan yóò rọ omi sínú ìgò, yóò kọ kúáńtọ́mù sí i lára, yóò sì tà á fún aláìsàn ní owó gọbọi. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ìjọba ilẹ̀ Netherlands kìlọ̀ fún àwọn ará ìlú nípa àwọn ẹ̀gbà ọrùn àti ẹ̀gbà ọwọ́ kan tí wọ́n ń tà pé wọ́n ń dáàbò boni lọ́wọ́ ìgbì tẹlifóònù. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, àwọn ẹ̀gbà náà fúnra wọn ni ó ń tú ìtànṣán olóró jáde, èyí tí ó lè ba ara jẹ́ bí a bá wọ̀ wọ́n pẹ́.

A kò lè mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ kan bá tiwa mu láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ mọ ohun tí àwọn tí ó ni ín fi ń sọ. Nítorí náà, a ó ṣàlàyé tíọ́rì náà gẹ́gẹ́ bí ó ti rí lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ físíìsì. Nígbà tí a bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ àṣẹ ti kàn án, a ó sọ èrò tiwa láìfi nǹkan bò.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọmọ alágbẹ̀dẹ. Ọdún 1791 ni a bí Michael Faraday ní ẹ̀bá ìlú London. Baba rẹ̀ ń rọ irin. Owó ilé ìwé kò tó, nítorí náà wọ́n fi ọmọ náà sí ẹnu iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tí ń di ìwé. Àwọn ìwé tí wọ́n ní kí ó dì ni ó ń kà. Nígbà tí ó di olùwádìí, kò mọ ìṣirò gíga, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú. Ẹ da ìyẹ̀ irin sórí bébà, ẹ gbé òòfà sábẹ́ bébà náà, ẹ fi ìka ta bébà náà jẹ́jẹ́. Ìyẹ̀ náà kò ní wà gátagàta mọ́. Yóò tò, yóò ya ìlà tí ó tẹ̀ bí ọrun láti orí kan òòfà náà dé orí kejì. (A ti gbé òòfà àti ìyẹ̀ irin sórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà fún ẹni tí ó bá fẹ́ dán an wò.) Àwọn mìíràn ti rí i ṣáájú Faraday, wọ́n sì rò pé òòfà ni ó na ọwọ́ láti òkèèrè tí ó fi ń fa irin. Òun wò ó títí, ó ní rárá: àyè tí ó yí òòfà ká fúnra rẹ̀ ni ó wà ní ipò kan tí ojú kò rí, ipò náà ni ìyẹ̀ irin ń fi hàn wá. Àwa tí ọpọ́n kò ṣàjèjì sí mọ̀ pé ìyẹ̀ kì í tẹ ara rẹ̀.

Ipò tí àyè wà yẹn ni a ń pè ní pápá. Kì í ṣe pápá tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù, kì í sì í ṣe pápá tí iná ń jó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní èdè físíìsì, pápá ni ohunkóhun tí ó ní iye kan ní ibi gbogbo àti ní ìgbà gbogbo. Ẹ wo ooru inú gbọ̀ngàn yìí. Ó ní iye tí ó jẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní iye tí ó jẹ́ lábẹ́ fáànù, ó sì ní iye mìíràn lẹ́yìn ilé níbi tí àwọn ìyá wa ti ń dín àkàrà. Bí a bá kọ gbogbo iye wọ̀nyí sílẹ̀ láìfo ibì kankan, pápá ooru ni a kọ sílẹ̀ yẹn. Pápá òòfà àti ti mànàmáná rí bẹ́ẹ̀, àfi pé wọn kò nílò afẹ́fẹ́ tàbí omi tí yóò gbé wọn. Àyè lásán tó wọn.

Ní ọdún 1865, James Clerk Maxwell, ará Scotland, fi ìṣirò kọ ohun tí Faraday fi ojú inú rí. Ó fi hàn pé pápá mànàmáná àti ti òòfà jẹ́ pápá kan ṣoṣo, àti pé bí a bá mi pápá náà, ìgbì yóò sá jáde nínú rẹ̀ bí ìgbì ti ń sá lójú odò tí a ju òkúta sí. Ó ṣírò bí ìgbì náà yóò ti yára tó: nǹkan bíi kìlómítà 300,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Eré ìmọ́lẹ̀ sì nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ìgbì rédíò, ìtànṣán tí dókítà fi ń wo egungun tí ó ṣẹ́, ìgbì inú pápá kan náà ni gbogbo wọn. Gígùn ìgbì wọn nìkan ni ó yàtọ̀.

Apá kejì orúkọ náà ni kúáńtọ́mù. Ní òpin ọdún 1900, Max Planck ní ìlú Berlin rí i pé òun kò lè ṣírò àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí ohun gbígbóná ń tàn, àyàfi bí òun bá gbà pé agbára ń jáde ní ẹyọ-ẹyọ, pé kì í ṣàn bí omi. Inú rẹ̀ kò dùn sí i. Albert Einstein ni ó gbà á tọkàntọkàn ní ọdún 1905, ó ní ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ń rìn ní ẹyọ-ẹyọ. Ẹ̀rí kan wà fún un. Bí a bá tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú àwọn irin kan, èérún mànàmáná tí a ń pè ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yóò ta jáde lára wọn. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ pupa, bí ó ti wù kí ó mọ́lẹ̀ tó, kò lè ta ẹyọ kan jáde. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró tí ó ń tàn bàìbàì ń ta á jáde. Bí a bá fi òwú lu ẹkùrọ́ ní ẹgbẹ̀rún ìgbà, kò ní là. Òkúta kan ṣoṣo ni yóò là á. Ẹyọ ìmọ́lẹ̀ pupa ni òwú, ẹyọ ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró ni òkúta. Ẹyọ ìmọ́lẹ̀ yìí ni a wá ń pè ní fótọ́ọ̀nù.

Báwo ni ìmọ́lẹ̀ ṣe wá lè jẹ́ ìgbì, kí ó sì tún jẹ́ ẹyọ? Ìbéèrè yìí ni ó bí tíọ́rì tí a wá sọ̀rọ̀ lé lórí. Ní ọdún 1927, Paul Dirac, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 24, dáhùn rẹ̀ báyìí: pápá ni ó wà ní ìpìlẹ̀, pápá náà sì lè mì, ṣùgbọ́n kò lè mì bí ó ṣe wù ú. Fún oríṣi ìgbì kọ̀ọ̀kan, agbára mímì rẹ̀ dà bí àkàsọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè dúró láàárín ipele méjì lórí àkàsọ̀. Bí pápá ìmọ́lẹ̀ bá wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, a ó ní kò sí fótọ́ọ̀nù. Bí ó bá gun ipele kan, fótọ́ọ̀nù kan wà. Bí ó bá gun ipele ẹgbẹ̀rún, ẹgbẹ̀rún fótọ́ọ̀nù ni ó wà. Fótọ́ọ̀nù kì í gbé inú pápá bí ẹja ti ń gbé inú odò. Mímì pápá náà fúnra rẹ̀ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀ nìyí, a ó sì fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ bá wa débẹ̀. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà rí bẹ́ẹ̀. Pápá kan wà tí ó jẹ́ ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ó wà níhìn-ín, ó wà lójú òṣùpá, ó wà dé ìràwọ̀ tí ó jìnnà jù lọ, gbogbo ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó wà láyé sì jẹ́ mímì pápá kan ṣoṣo yìí. Àyàfi pé pápá yìí kò ní àkàsọ̀ gígùn bíi ti ìmọ́lẹ̀. Ẹ wo ojú ọ̀pẹ̀lẹ̀: yálà ó ṣí, tàbí ó dé. Kò sí ìlàjì níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ipò kọ̀ọ̀kan nínú pápá ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù: yálà ẹyọ kan wà níbẹ̀, tàbí kò sí, kò gba méjì láéláé. Nítorí èyí ni ọwọ́ wa kì í fi í wọ inú tábìlì lọ bí a bá gbé e lé e, tí òkúta kì í sì í wó sínú ara rẹ̀. (A fi ọ̀pẹ̀lẹ̀ ṣe àpèjúwe ni o. A kò sọ pé Dirac da ọ̀pẹ̀lẹ̀.)

Ẹ tún wo èyí. Kò sí babaláwo tí kò dá ikin tirẹ̀ mọ̀. Èyí tóbi díẹ̀, èyí ní àpá, èyí dúdú ju èkejì lọ. Ìbejì pàápàá, ìyá wọn mọ Táíwò yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé. Ṣùgbọ́n ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú iyọ̀ ọbẹ̀ wa, àti èyí tí ó wà nínú oòrùn, àti èyí tí ó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn: ìwọ̀n kan náà, mànàmáná kan náà, láìsí àpá, láìsí ogbó. Báwo ni ohun tí ó pọ̀ tó báyìí ṣe lè bára mu tó bẹ́ẹ̀? Bí wọ́n bá jẹ́ èérún tí a rọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí alágbẹ̀dẹ ti ń rọ ọkọ́, ìbéèrè náà kò ní ìdáhùn. Tíọ́rì pápá ni ó dá wa lóhùn: ìró ìlù kan ṣoṣo ni gbogbo wọn, tí ó ń dún ní ibi púpọ̀. Nínú gbogbo ohun tí tíọ́rì yìí sọ, èyí ni ó yà wá lẹ́nu jù. Ẹni tí kò bá ní rántí ohun mìíràn nínú àsọyé yìí, a bẹ̀ ẹ́ kí ó rántí rẹ̀.

Ní ọdún 1928, Dirac kan náà kọ ìdọ́gba kan fún ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Nígbà tí wọ́n tú ìṣirò náà dé ìdí, ó fi hàn pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ ní ẹnìkejì tí ìwọ̀n wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n tí mànàmáná rẹ̀ jẹ́ òdìkejì tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ó dá irú rẹ̀ mọ̀ rí. Ní ọdún 1932, Carl Anderson ní California rí ipa rẹ̀ láàárín àwọn ìtànṣán tí ń bọ̀ láti ojú ọ̀run. Pọ́sítírọ́ọ̀nù ni orúkọ rẹ̀. Bí òun àti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù bá pàdé, àwọn méjèèjì yóò pòórá, ìmọ́lẹ̀ yóò sì jáde. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ èérún kò ti tó mọ́ níbí. Òkúta kékeré kì í pòórá kí ó di ìmọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé pápá ni ó ń mì, kò sí ohun ìyanu níbẹ̀: pápá kan dákẹ́, òmíràn gba agbára rẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn ńláńlá ń lo èyí lójoojúmọ́ láti wá ibi tí àrùn jẹjẹrẹ fara pa mọ́ sí. Wọ́n ń fún aláìsàn ní oògùn díẹ̀ tí ń tú pọ́sítírọ́ọ̀nù jáde, ẹ̀rọ yóò sì ka ìmọ́lẹ̀ méjì-méjì tí ó ń ti ara rẹ̀ jáde. Kúáńtọ́mù tí ó ń wo aláìsàn nìyí, kì í ṣe ti inú ìgò.

Kì í ṣe pé ọ̀nà náà tẹ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún 1930 sí 1940, ẹni tí ó bá ṣe ìṣirò náà dé ìsàlẹ̀ yóò bá ìdáhùn tí kò lópin pàdé, ìdáhùn tí kò lè jẹ́ òótọ́. Ìdí ni pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kì í dá wà. Ó ń mi pápá ìmọ́lẹ̀, pápá ìmọ́lẹ̀ ń mì í padà, wọn kì í sì í sinmi. Ní ọdún 1947, Willis Lamb àti Robert Retherford, ní yunifásítì Columbia ní New York, wọn ìyàtọ̀ kékeré kan nínú átọ́ọ̀mù háídírójìn, ìyàtọ̀ tí ìdọ́gba Dirac ní kò yẹ kí ó wà. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, àwọn àgbà onímọ̀ pé jọ ní Shelter Island lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ìpàdé ti tú, Hans Bethe wọ ọkọ̀ ojú irin, inú ọkọ̀ náà ni ó sì ti ṣe ìṣirò àkọ́kọ́ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìwọ̀n Lamb mu. Láìpẹ́, Julian Schwinger àti Richard Feynman ní Amẹ́ríkà, àti Sin-Itiro Tomonaga ní Tokyo, ìlú tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ bà jẹ́, olúkúlùkù wá ọ̀nà tirẹ̀. Freeman Dyson fi hàn pé ọ̀nà kan náà ni gbogbo rẹ̀. Àwọn mẹ́ta ìṣáájú ni wọ́n pín ẹ̀bùn Nobel ọdún 1965.

Ohun tí wọ́n ṣe ni a lè fi Egúngún ṣàlàyé, kí àwọn tí ó ni ín má bínú sí wa. Ẹni tí ó dúró lójú agbo kò rí ohun tí ó wà nínú ẹ̀kú. Egúngún pẹ̀lú ẹ̀kú rẹ̀ ni ó rí, òun náà ni ó sì lè wọn gíga rẹ̀. Bí ó bá ní kí òun kọ́kọ́ ṣírò ti inú, kí òun tó wá fi ti ẹ̀kú kún un, ọ̀rọ̀ yóò dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kò bọ́ ẹ̀kú rẹ̀ rí. Mímì àwọn pápá tí ó yí i ká ni ẹ̀kú náà. Ẹ mú ìwọ̀n tí a wọ̀n ní yàrá ìwádìí, èyí tí ẹ̀kú ti wà nínú rẹ̀, kí ẹ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Ohun tí kò lópin yóò kúrò lọ́nà.

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n wá lè ṣe. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan jẹ́ òòfà kékeré. Ìdọ́gba Dirac ní agbára òòfà rẹ̀ jẹ́ 1 gééré. Schwinger fi mímì pápá kún un ní ọdún 1948, ó ní 1.00116. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń tẹ̀ síwájú nínú ìṣirò, tí àwọn tí ń wọ̀n náà kò sì sinmi. Ìwọ̀n tí wọ́n ṣe ní yunifásítì Northwestern ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2023, jẹ́ 1.00115965218059. Ìṣirò àti ìwọ̀n bára mu dé nǹkan bí ìdá kan nínú tírílíọ̀nù. Ó dà bí ẹni tí ó ní kí òun sọ bí ilẹ̀ ti jìn sí òṣùpá tó, tí àṣìṣe rẹ̀ kò sì tó ìdajì mìlímítà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àṣẹ ti kàn án nìyí. A kò gbà pé pápá kúáńtọ́mù ni àṣẹ, ìdí wa kò sì farasin. Pápá yìí kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Bí ó ti rí lọ́wọ́ awo ni ó rí lọ́wọ́ olè. Ìwà ẹni kò yí 1.00115965218059 padà. Àṣẹ, bí a ti kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ àwọn àgbà, ń bẹ lẹ́nu ẹni tí a fún, ó ń bá ìwà rìn, a ń gbà á, a sì lè pàdánù rẹ̀. Bí a bá ní ohun kan náà ni wọ́n, ẹnìkan yóò ní kí a mú iye àṣẹ wá, kí òun fi wé ìwọ̀n òun, kí ni a ó fún un? Bí àwọn onímọ̀ bá sì tún tíọ́rì náà ṣe lọ́la, bí wọ́n ti máa ń ṣe, ṣé a ó tún àṣẹ ṣe ni? Ifá kò nílò ẹ̀rí lọ́wọ́ Dirac, Dirac kò sì gba ìdọ́gba rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà, ìfẹ́ yín dára. Ẹ fi kọ́ ìṣirò.

A kò ní fi ọ̀rọ̀ gùn yín lórí àwọn pápá yòókù, wọ́n pọ̀. Èyí tí ìròyìn rẹ̀ kàn jù ni pápá Higgs, tí àwọn mẹ́fà kọ̀wé nípa irú rẹ̀ ní ọdún 1964. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 2012, ilé ìwádìí CERN, tí ẹ̀rọ rẹ̀ yí kìlómítà 27 po lábẹ́ ilẹ̀ ní ẹ̀bá Geneva, kéde pé wọ́n ti rí mímì pápá náà. Pápá yìí ni ó fún ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ní ìwọ̀n rẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn sì kọ ọ́ pé òun ni ó fún ohun gbogbo ní ìwúwo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú pírótọ́ọ̀nù àti níútírọ́ọ̀nù, ní àárín átọ́ọ̀mù, ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìwúwo ara wa wà, àwọn méjèèjì sì ní èérún tí a ń pè ní kúáàkì nínú. Bí a bá kó ìwọ̀n àwọn kúáàkì náà pọ̀, kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n pírótọ́ọ̀nù lọ. Níbo ni ìyókù wà? Agbára ni: agbára pápá tí ó so àwọn kúáàkì pọ̀, àti ti eré tí wọ́n ń sá nínú rẹ̀. Bí ẹ bá gun òṣùwọ̀n, tí ó ní kílò 70, èyí tí ó pọ̀ jù nínú kílò náà jẹ́ agbára pápá tí kò dúró jẹ́ẹ́ rí.

Òfo pàápàá kò ṣófo. Pápá wà níbẹ̀, ní ipele ìsàlẹ̀ àkàsọ̀ rẹ̀, kì í sì í dákẹ́ pátápátá. Hendrik Casimir sọ ní ọdún 1948 pé bí a bá gbé irin pẹlẹbẹ méjì sún mọ́ra nínú òfo, wọn yóò fa ara wọn díẹ̀. Ní ọdún 1997, Steve Lamoreaux wọ̀n ọ́n, ó sì rí i bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣòwò ti gbọ́ èyí, wọ́n ní àwọn lè fa agbára láti inú òfo fún ẹ̀rọ tàbí fún ara. Ẹ bi wọ́n léèrè bí ènìyàn ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti ipele ìsàlẹ̀ pátápátá lórí àkàsọ̀.

Iṣẹ́ ṣì kù. Agbára tí ń fa ohun gbogbo wálẹ̀, èyí tí Einstein ṣàlàyé ní ọdún 1915, kò tíì wọ inú tíọ́rì yìí dáadáa; ní ibi tí ó kéré jù lọ, ìṣirò náà tún ń padà di ohun tí kò lópin, ẹ̀kú kò sì ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀. Bí a bá sì fi tíọ́rì yìí ṣírò agbára tí ó wà nínú òfo, iye tí ó ń jáde pọ̀ lọ́nà tí kò ṣeé fẹnu sọ ju èyí tí àwọn awòràwọ̀ rí nínú bí àgbáyé ti ń fẹ̀ lọ. Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti rí ìyàtọ̀ yìí, kò sì sí ẹni tí ó tíì tú u. Ibi tí ìmọ̀ náà dé nìyẹn ní àkókò tí a ń kọ èyí.